Òkúta Lókè Orí Àwáwù

Gbàràrà! Òkúta tún wọ́ lórí àjà. Àwáwù ta gìrì lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kàdírì ọkọ rẹ̀ gbé ojú sókè. Ọjọ́ kẹta nìyí. Nọ́ọ̀sì ti wí fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru obìnrin náà ti pọ̀ jù, pé bí kò bá sùn dáadáa, apá kan ara rẹ̀ lè rọ. Láti ìgbà náà, Àwáwù kò tíì sùn ju kí ènìyàn jẹ ẹ̀kọ kan tán lọ.

Samsudeen ahunṣọ ló ń gbé òkè. Òjò ló wó àtíbàbà rẹ̀, ló bá gbé òfì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó so òwú gígùn mọ́ pákó tó to òkúta lé, bó sì ṣe ń hun aṣọ ni pákó ń wọ́ tọ̀ ọ́ bọ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún Kàdírì. Ogójì ọdún lòun náà fi hunṣọ n'Ísẹ́yìn kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ̀ fún un.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ránṣẹ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ gun àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ má bínú, ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ lo ń wí láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

"Aṣọ ìyàwó ni, bàbá. Sátidé làwọn ará Tẹ̀dé ń bọ̀ wá gbé e. Àbí ẹ̀yin náà ò mọ ariwo òfì ni?" Samsudeen rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi òwú dí ìyá létí. Ó pọ̀ ńlẹ̀ níbí."

Abẹ tí wọ́n fi ń gé òwú wà lórí àga. Kàdírì mú un.

"Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e!"

Kàdírì wo òwú náà títí. Ó ju abẹ sílẹ̀.

"Dìde. Lọ jókòó ti ìyàwó mi. Èmi ni n ó hun ún."

Samsudeen lọ. Kàdírì jókòó, ó hun ún, ó sì fà á bí Samsudeen ṣe ń fà á. Gbàràrà! Ó mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ó di eyín pọ̀, ó tún fà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Samsudeen sáré gòkè. Ojú èékánná wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó tó, bàbá! Ìyá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní àjà ń wó lé àwọn. N ò mọ̀ pé ó tó báyìí."

"A sọ fún ọ. Lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ foríjì mí."

"Lọ wá àpò. Bu iyanrìn sí i. Kí o sì mú ẹní wá."

Wọ́n kó òkúta kúrò, wọ́n so òwú mọ́ àpò iyanrìn lórí ẹní. Kàdírì fà á. Kò dún. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìdágbére.

Ojú Àwáwù ṣì wà lára àjà, ó ń retí èyí tó kàn. Ó tó wákàtí kan kí ojú náà tó pa dé.

Nírọ̀lẹ́, Samsudeen gbé iṣu wá, ó fẹ́ tún bẹ̀bẹ̀. Kàdírì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Inú ṣì ń bí i.

"Ó ń sùn," ló wí. "Gbé iṣu rẹ, kí o máa lọ."