Fìríìjì Tí Kì Í Ṣe Ti Ẹran

Ẹsẹ̀ màlúù ni aránṣọ fi gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ alápatà lẹ́nu. Odindi ẹsẹ̀ ni o, tòun ti pátákò, ó sì tutù bí ikú. Ìró rẹ̀ dún débi pé ajá aládùúgbò dákẹ́ gbígbó, ó jókòó, ó ń ro ayé ara rẹ̀. Eyín alápatà kan já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga, bíi pé òun náà ń wá ibi sá sí.

Alápatà yìí kì í ṣe ènìyàn kékeré. Tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ a ṣú nínú ilé. Àyà rẹ̀ fẹ̀ débi pé òjò lè máa rọ̀ lápá ọ̀tún kí oòrùn máa ràn lápá òsì. Aránṣọ ní tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tó fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ ló ń lé erin kiri pálọ̀.

"Kí ni ẹran ń wá nínú fìríìjì ìyá mi?"

Fìríìjì yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá ìyá wọn jà. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà nílùú wọn àti ilé ìwádìí kan lókè òkun ti da owó pọ̀, wọ́n ń dán oògùn tuntun wò lára àwọn aláìsàn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá wọ inú ìwádìí náà nígbà tí gbogbo oògùn àtijọ́ ti dọ́bálẹ̀ fún kókó inú ọmú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń gba tuntun yìí, kókó tó tóbi bí ọsàn ti ń súnkì bí aṣọ ọ̀pọ̀ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀.

Nọ́ọ̀sì ló ń wá fún un lábẹ́rẹ́ nílé, nítorí náà àwọn olùwádìí gbé fìríìjì kékeré kan wá, funfun bíi pé wàrà ni wọ́n fi kùn ún. Oògùn nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Tí inú fìríìjì bá tutù dáadáa, iná ẹ̀rọ náà a tàn ní àwọ̀ ewé. Tó bá ń móoru, iná a di pupa, ìròyìn a sì ti dé òkè òkun kí ènìyàn tó sín tán. Olófòófó àdúgbò ò tó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀sì ti pe aránṣọ. Ó ní àwọn ará ọ̀hún ń bínú, wọ́n ní àwọn ará ilé Ìyá ń ṣí ilẹ̀kùn fìríìjì yẹn bí ilẹ̀kùn ṣáláńgá ọjà. Bí oògùn bá tún gbóná pẹ́nrẹ́n, wọn á yọ Ìyá kúrò nínú ìwádìí, nítorí wọn ò lè ka oògùn tó ti bàjẹ́ mọ́ èyí tó dáa. Aránṣọ búra pé kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ó ti ṣọ́ọ̀bù sáré délé, ó ṣí i, ó sì bá ẹsẹ̀ màlúù, ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì tó sùn sórí ìgò oògùn bí àlejò tó ti gba yàrá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ní fìríìjì tòun ló bàjẹ́, ẹran tí kò tà ni òun ń kó síbẹ̀. Ó ní òtútù ni òtútù, ṣé màlúù tó ti kú á tún jí mu oògùn ni?

"Ìwọ lo fẹ́ pa Ìyá," ni aránṣọ wí.

Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Ó dun ọkùnrin náà ju eyín lọ. Ó gbá a létí. Aránṣọ fò kọjá tábìlì, ó ṣubú lu ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́ tó wà nílé, ó sì dìde pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Ó fi gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní apá, ẹ̀jẹ̀ tú sára ògiri bíi pé wọ́n fẹ́ kun ilé. Alápatà ké bí akọ màlúù, ó gbé e sókè bí àpò òfìfo, ó sì sọ ọ́ lu fìríìjì.

Fìríìjì ṣubú, ẹran dà sílẹ̀, ìgò oògùn kù sínú. Irin tó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ dání já, ilẹ̀kùn là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó sùn. Iná di pupa. Wọn ò tilẹ̀ rí i. Ọwọ́ alápatà ti wà lọ́rùn àbúrò rẹ̀, àbúrò náà sì ti ká ìka rẹ̀ kan sẹ́yìn títí ó fi dún pọ́!

Ìgbà náà ni Ìyá jáde láti yàrá. Ó pá lórí, ó gbẹ, afẹ́fẹ́ fáànù lè gbé e lọ. Ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì lù wọ́n, lórí, léjìká, níbi tọ́wọ́ bá bà, títí ọ̀pá fi ṣẹ́ sí méjì. Lẹ́yìn náà ló rí iná pupa.

Ó mú fóònù. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ kó ní iná mọ̀nàmọ́ná ló lọ. Ìyá wò ó.

"Tí a bá purọ́ fún wọn, ọmọ ẹlòmíràn ló máa sin ìyá ẹ̀ nítorí irọ́ wa."

Ó sọ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe rí, ẹran, àlùmọ́gàjí, gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbé fìríìjì dìde, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, kí wọ́n má ṣe ṣí i títí òun yóò fi gbé àpótí yìnyín dé. Bí iná bá tètè padà sí ewé, oògùn ṣì lè yè, òun á sì bá wọn bẹ àwọn ará ọ̀hún kí wọ́n má yọ Ìyá.

Wọ́n gbé e dìde, wọ́n ki wáyà bọ iná. Ilẹ̀kùn kọ̀, kò dé. Alápatà jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í, àmọ́ igun kan ṣì là. Aránṣọ jókòó tì í, ó fi ẹ̀yìn tirẹ̀ ti igun náà. Ilẹ̀kùn dé.

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde nínú ẹ̀yin méjèèjì," ni Ìyá wí, "òun ló pa mí."

Ó fa àga, ó jókòó kọjú sí wọn. Iná wà láàárín orí àwọn méjèèjì, lẹ́yìn wọn. Òun nìkan ló ń rí i. Wọ́n bi í pé àwọ̀ wo ló wà. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa ti ilẹ̀kùn.

Ológbò kan wọlé. Ó gbóòórùn ẹ̀dọ̀ tó wà nílẹ̀, ó wo alápatà lójú, ó sì fa gbogbo ẹ̀dọ̀ náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó lè fi ìkúùkù kan pa akọ màlúù ń wò ó. Kò mira.

"Ṣé ọrùn ń dùn ẹ́?" ni alápatà béèrè nígbà tó yá.

"Ẹnu yín ńkọ́?" ni aránṣọ wí. Ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó fi di apá tó gún.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn láti ìta. Alápatà mira díẹ̀, aránṣọ sì di bẹ́líìtì rẹ̀ mú gírígírí. Wọ́n tún kàn án. Àwọn méjèèjì wo Ìyá.

Ìyá dìde fúnra rẹ̀, ó di ògiri mú, ó rọra lọ, ó ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì dúró síbẹ̀ tòun ti àpótí yìnyín, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó la ẹnu.

"Ẹ wọlé," ni Ìyá wí. "Iná ti padà sí ewé. Ẹ ṣáà má kí àwọn yẹn o, wọ́n á fẹ́ dìde."