Ife Omi Mẹ́ta Lójúmọ́

Nígbà tí kíndìnrín Alfa Yàkúbù dáṣẹ́ sílẹ̀, omi ni ọ̀tá tó kọ́kọ́ dìde sí i. Dókítà ní kò gbọdọ̀ mu ju ife kékeré mẹ́ta lọ lójúmọ́, tọbẹ̀ tẹ̀kọ ló sì wà nínú ìṣirò náà. Ooru Kumasi nìyí, tí í mú kí ahọ́n lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò Sawaba ní kéú, tí ohùn rẹ̀ ń ró dé títì, wá di ẹni tó ń jí omi mu nínú ilé ara rẹ̀. Tó bá ń ṣe àlùwàlá, omi tó yẹ kó fi ṣan ẹnu kó tu dànù, gbígbé ló ń gbé e mì.

Ràhmà ọmọ rẹ̀ obìnrin ló rí i. Ilé ìtajà oògùn adìyẹ kan ní àdúgbò Race Course ló ń bá tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú Excel. Kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òun á jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí omi ń ṣe.

Alfa gbọ́ Lárúbáwá yéké, ṣùgbọ́n kò ka Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Nítorí náà, Ràhmà kò fẹ́ kó máa wá nọ́ńbà kiri. Ó wá àwọn irinṣẹ́ tí Excel fi pamọ́ jáde. Ó fi ọ̀pá gbọọrọ kan tí wọ́n ń fà sójú ìwé náà fún omi mímu, òmíràn fún ìtọ̀, ó wá fi ọfà méjì, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá lọ́sẹ̀. Béèyàn bá ti fà á, àpótí ńlá kan nísàlẹ̀ á pàwọ̀ dà: àwọ̀ ewé bí omi ara kò bá pọ̀ jù, pupa bó bá ti fẹ́ kún dé ẹ̀dọ̀fóró.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alfa fà á títí, nǹkan kan ò yí padà.

"Ràhmà, ẹ̀rọ tìrẹ náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Ó ti gbàgbé láti so ọ̀pá náà mọ́ àpótí tó ń gba nọ́ńbà rẹ̀. Ó so ó. Bàbá tún fà á. Ife mẹ́ta: àwọ̀ ewé. Ife mẹ́fà: pupa yọ. Alfa fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Subuhánálláhì! Ohun tí mò ń ṣe sí ara mi nìyí?"

Láti ọjọ́ náà, kò gbé omi àlùwàlá mì mọ́.

Láràárọ̀, kí Ràhmà tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á wọn ìtọ̀ nínú ike, bàbá á sì fa ọ̀pá náà síbi tó yẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ń dín kù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mìlílítà ni òpin tí Ràhmà kọ́kọ́ fún ọ̀pá náà. Nígbà tó rí i pé eteetí òdo lọwọ́ bàbá ń dúró sí, ó sọ òpin di igba, kó lè dà bíi pé ọ̀pá náà ṣì ń rìn. Ó tún sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún. Ó mọ̀ pé ara àwọn méjèèjì lòun ń tàn.

Láàárọ̀ Àlàmísì kan, bàbá fà á lọ sí òdo pátápátá.

"Ó ti gbẹ," ó wí.

Ife mẹ́ta di pupa. Ife kan péré pàápàá, pupa. Ó wá tẹ ọfà òkè, ìfọ̀ ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Àwọ̀ ewé bo àpótí náà.

"Kí ló dé tí wọn ò fọ̀ ọ́ báyìí?"

Ràhmà gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Evelyn tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fa ọ̀pá náà lọ, ó fà á bọ̀.

"Ìṣirò rẹ tọ̀nà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mẹ́rin la ní, ọ̀kan sì bàjẹ́ lánàá. Àwọn tó ń dúró lé ní ogójì. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kan bàbá."

Ó rọra tẹ ọfà ìsàlẹ̀ títí nọ́ńbà fi di ení, ó sì fi Twi bá a kẹ́dùn: "Kosɛ, me nua."

Ilé ìwòsàn méjì mìíràn tí Ràhmà lọ sọ pé kò sáyè.

Nígbà tó délé, kò lè purọ́. Alfa gbọ́ ọ tán, ó tọ́ka sójú kọ̀ǹpútà.

"Yọ ọfà yẹn kúrò níbẹ̀," ó wí. "Ohun tí ọwọ́ ò bá tó, kí ojú yéé máa rí i."

Ràhmà yọ ọ́. Ó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo, ení, sípò rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alfa kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Lọ́sàn-án Àtàlátà, ó bẹ ọmọ rẹ̀ fún omi tútù. Ràhmà wo ojú rẹ̀. Ó mú píọ́ wọ́tà kan jáde nínú fíríìjì, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó dà á sínú ife ńlá. Bàbá ṣe Bìsìmílà, ó dijú, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀.

"Ó dùn," ó wí. "Gbà, ìwọ náà mu."

Ràhmà gba ife náà, ó mu èyí tó kù. Àtàlátà ṣì nìyí; Jímọ̀ ni ilé ìwòsàn ní kí wọ́n tó wá síbi ẹ̀rọ.