Ẹni Tí Kì Í Wo Ẹ̀yìn Kó Tó Jókòó

Nígbà náà, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àga lóbìnrin ṣì wà láyé lódìkejì odò. Aṣojú Òdìkejì náà ṣì wà láyé, bàbá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ríran. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń ná odò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, àfi bíi pé òun náà lẹ́mìí, nítorí bó bá ti fọn fèrè báyìí, gbogbo ajá ìlú á dá a lóhùn. Ọkọ Ìyá Àga nìkan ni kò sí mọ́. Káfíńtà ni. Ó ti kú, ṣùgbọ́n àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kò kú, àga náà sì ni ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́ àyà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń gbé e lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ìjọba bí ẹni gbé aláìsàn.

Ìyá Àga ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń nu fèrèsé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Àga, ọmọ yín yìí ò tíì rìn síbẹ̀?" Òun náà á ní, "Ó ń rìn. Ẹ̀yin lẹ kì í tètè débi iṣẹ́ kẹ́ ẹ rí i." Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n rí i tó ń gbé e kọjá, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n kọjú sí fèrèsé, wọ́n ń nu ibi tí wọ́n ti nù tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ìlú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ará Òdìkejì ló kọ́kọ́ sọdá wá bá wọn yọ̀. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, orin kan náà ni àwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ní bèbè méjèèjì. Olórí àwọn ará Òdìkejì nígbà náà wọ gbọ̀ngàn Ilé Ìjọba, ó ní, "Ilé àbúrò mi ni mo wà. N ò ní wo ẹ̀yìn kí n tó jókòó." Ó kẹ́yìn, ó ń lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ló sáré gbé àga tì í. Láti ọjọ́ náà ló ti dàṣà. Aṣojú Òdìkejì á wọlé, á rìn lọ sí ọ̀tún Olórí ìlú, á kẹ́yìn, á máa lọ sílẹ̀ láìwo ibi tó ń lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn á ti àga bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àga á dún, "ká!" Gbogbo gbọ̀ngàn á mí kanlẹ̀. Nígbà náà ni aṣojú yóò sọ ọ́ pé, "Mo jókòó nílé àbúrò mi."

Ìyá Àga ló ń ti àga náà. Kò tì í pẹ́ rí, kò tì í yá jù rí. Ibi kan náà ni àga ń dé sí lójoojúmọ́ ayé, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ onípákó.

Ṣùgbọ́n ohun tó so ó mọ́ odò náà ju iṣẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́kọ sọ́hùn-ún, ilé rẹ̀ sì wà létí omi gan-an. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ̀gbọ́n á gbé àtùpà sójú fèrèsé, àbúrò á jáde sẹ́yìnkùlé tirẹ̀, á rí iná kékeré náà lórí omi bí ẹyinjú ológbò. Mo jẹun, mo wà, ó dàárọ̀. Ohun tí àtùpà ń wí nìyẹn. Ní àìpẹ́ sí ìgbà tí à ń wí yìí, àtùpà ti ń pẹ́ kó tó yọ. Wọ́n ní ara ẹ̀gbọ́n ò le. Ìyá Àga ti di ẹrù sílẹ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fẹ́ bá sọdá.

Bàtà-Dídán ló gbé ọ̀rọ̀ àga wá. Òun ni ọ̀gá tó ń ṣètò àlejò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àjà ilé ń hàn nínú rẹ̀.

"Mọ̀mọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn ará Orí-Òkè ń bọ̀ lónìí. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó lọ́tùn-ún Olórí. Tábìlì ni wọ́n fẹ́ láàárín, kí gbogbo èèyàn kọjú síra wọn."

"Àga wa wá ńkọ́?"

"Kó lọ sinmi ní yàrá ẹrù. Fún òní ni."

"Bàbá Òdìkejì ńkọ́?"

"Ìjókòó tiwọn wà lápá òsì, létí fèrèsé. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí wọn."

"Ta ni wọ́n rán?"

"Mọ̀mọ́, wọ́n ti ránṣẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná. Àwọn ará Òdìkejì fún wa lórin, a dúpẹ́. Àwọn ará Orí-Òkè fẹ́ fún wa níná. Ẹ lọ kọrin fún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ká wò ó bóyá á gberin."

Ìyá Àga gbé àga náà mọ́ àyà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bímọ rí nílé ìwòsàn yẹn, nínú òkùnkùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, tí nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ tá ìwọ́ ọmọ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Ọmọ náà kò dúró. Nítorí náà òun pàápàá fẹ́ iná. Ó fẹ́ ẹ débi pé ojú ń tì í. Àwọn ará Orí-Òkè kò sì bú ẹnikẹ́ni, wọn kò yọ ọ̀kọ̀ sẹ́nikẹ́ni. Wọ́n kàn ń dàgbà ni, bí ọmọ tí aṣọ ò gbà mọ́. Ọ̀nà wọn ń gùn, òpó iná wọn ń sún mọ́tòsí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Ìlú tó wà láàárín odò àti òkè, ibo ni kó kọjú sí tí kò ní kẹ́yìn síbì kan?

Ó gbé àga dé yàrá ẹrù. Ó fi aṣọ bò ó. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ti ń yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tó gbọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún: "Ká!"

Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́nì kankan. Eruku ń fò lójú oòrùn, aṣọ tó fi bo àga sì ti sún díẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló jókòó?" ó béèrè. Ó ń retí ohùn ọkọ rẹ̀, àbí ti àwọn aṣojú tó ti kú tẹ̀ léra wọn, tó ti jókòó lórí àga náà ṣáájú bàbá arúgbó yìí. Ó tún aṣọ náà bò, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Ní ọ̀sán, gbọ̀ngàn kún. Aṣojú Orí-Òkè dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó kí onílé, ó kí àlejò, ó bọ Ìyá Àga pàápàá lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn dáadáa, ó fọwọ́ kan àga rẹ̀, kó tó jókòó. Ìyá Àga dúró sára ògiri níbi tó ti máa ń dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ òfìfo ṣe.

Bàbá Òdìkejì wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin ẹnu ọ̀nà sọ nǹkan sí i létí, ó nawọ́ sí apá òsì. Ṣùgbọ́n bàbá rò pé ó ń kí òun ni, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, ara le," ó sì gba ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ lọ. Ó kí Olórí. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àga, ó rọra dúró gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe bó bá gba iṣẹ́ wá láti òdìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o má pẹ́ o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà ó kẹ́yìn sí òfìfo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Wọn kò sọ fún un. Ìyá Àga rí Bàtà-Dídán lọ́ọ̀ọ́kán tó la ẹnu sílẹ̀. Gbogbo wọn ló rò pé ẹlòmíràn ti lọ sọ ọ́. Ta ni ń fẹ́ jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò wọ ilé àgbàlagbà, tí yóò jókòó, tí yóò sọ fún un pé, bàbá, ẹ máa wo ẹ̀yìn yín láti òní lọ?

Ìyá Àga kò ronú. Ara tó ti ń ṣiṣẹ́ kan látìgbà èwe kì í dúró de orí. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó sì na ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ́ sí ihò méjì níwájú, orúnkún rẹ̀ bọ́ sí ihò méjì lẹ́yìn. Bàbá jókòó lé e.

Ó fúyẹ́. Ó fúyẹ́ bí adìẹ tó ń sàba. Kò sí "ká!" kankan, gbogbo gbọ̀ngàn ń retí rẹ̀, kò dún, wọn kò sì rí ibi mí sí. Ọwọ́ bàbá ń wá apá àga kiri, ó bá gèlè pàdé. Ọwọ́ náà dúró lórí gèlè fún ìgbà díẹ̀.

"Mo jókòó," ó wí sókè. "Mo jókòó nílé àbúrò mi."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Àga dà?"

"Wọ́n ní kó lọ sinmi."

"Ẹn-hẹ́n." Ó fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́pẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́."

Ó dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Olórí, ó kí aṣojú Orí-Òkè pé ó kú ìrìn, ó sì jáde. Kò lọ sápá òsì. Kò wo ẹ̀yìn.

Ìyá Àga ṣì wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ihò méjèèjì.

"Kí ni ìyá yẹn ń ṣe nílẹ̀?" aṣojú Orí-Òkè béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Nǹkan kan ló bọ́ lọ́wọ́ wọn," Bàtà-Dídán dáhùn. "Wọ́n ń wá a."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Àga ń to àga jọ nínú gbọ̀ngàn nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè. Àwọn ajá dá a lóhùn. Bàbá Òdìkejì ń lọ ilé nìyẹn. Ìyá Àga ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ó di ọ̀la, èmi náà á wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó gbé ẹrù dé etí omi láàárọ̀, ọkọ̀ wà lódìkejì. Wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀. Àwọn ará Òdìkejì ló ni ín, wọn kò bínú, wọn kò ránṣẹ́ èébú. Wọn ò kàn wá mọ́ ni. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Àtùpà yọ, ó pẹ́ kó tó yọ, ṣùgbọ́n ó yọ. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́: á lọ sẹ́yìnkùlé, á dúró de àtùpà.

Òpó iná dé. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú dé òpin. Ìrọ̀lẹ́ tí iná tàn, àwọn èèyàn kígbe bí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ilé ìwòsàn mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan. Ìyá Àga pàtẹ́wọ́. Irọ́ ò sí níbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ọmọ-ọmọ tí kò dúró. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fọwọ́ ṣíji bo ojú. Iná ń dán lójú omi, ohun tó wà lẹ́yìn ìdán náà dúdú bí aṣọ. Ó ní, "Iná ni kò jẹ́ kí n rí àtùpà." Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí apẹja kan láti òdìkejì tó fi ọkọ̀ kékeré yọ́ sọdá wá. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ni àbúrò ìyá etí omi?"

"Èmi ni."

Apẹja ṣí fìlà. Ìyá Àga ti mọ̀ nígbà tó ṣí fìlà.

"Ìgbà wo ni?"

"Ìrọ̀lẹ́ tí iná yín tàn ni, ìyá. Wọ́n ní ká gbé àwọn dìde sójú fèrèsé. Gbogbo bèbè yín tàn yòò. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, 'Ẹ wò ó, àbúrò mi rí àtùpà mi. Ó ń dá mi lóhùn.' Ìgbà tí a máa tẹ́ wọn padà, wọ́n ti lọ."

Àpótí wà lẹ́yìn Ìyá Àga lẹ́bàá ògiri, àpótí tí ọkọ rẹ̀ kàn, tí kò kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ó kẹ́yìn sí i, ó ń lọ sílẹ̀. Ó lọ dé àárín kó tó mọ̀ pé ọrùn òun ti yí.

Àpótí náà wà níbi tó máa ń wà. Ṣùgbọ́n Ìyá Àga ti wo ẹ̀yìn.