Òòfà Tí Kò Dìde

Ìkùukùu funfun ń ṣàn jáde nínú àwo náà, ó ń gba orí tábìlì lọ sílẹ̀ bíi wàrà tó dànù. Láàrin rẹ̀ ni pẹlẹbẹ dúdú náà wà, róbótó, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Ladina fi ẹ̀mú oníke gbé òòfà kékeré kan lé e lórí. Ó yọ ọwọ́.

Òòfà náà jókòó.

Gbogbo yàrá ń wò ó. Gaudenz, bàbá Ladina, na ọrùn síwájú ní ìlà ìjókòó kejì. Bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Òun kò mọ̀. Láti àárọ̀ ni nǹkan kò ti yé e.

“Ṣé ó ti fò?” Barbla, ìyá Gaudenz, ló béèrè. Ó rò pé òun sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n ìlà kẹta gbọ́.

“Kò tíì fò, Màámi.”

“Kí ló ń dúró dè? Ọkọ̀ ojú irin?”

Ladina ti ṣàlàyé fún wọn nídìí tábìlì oúnjẹ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní iná mọ̀nàmọ́ná lè gba inú pẹlẹbẹ náà kọjá láìsí ohun tó máa dí i lọ́wọ́. Ó ní bó bá tutù dé ibì kan, kò ní gba òòfà mọ́ra mọ́. Òòfà á dúró lófuurufú, láìsí okùn, láìsí ọwọ́. Wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní ti ooru. Gaudenz béèrè pé ooru wo? Ọmọ náà ní àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí ṣáájú rẹ̀ ń fẹ́ òtútù tó ju èyí lọ fíìfíì, nítorí náà ooru lèyí jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Gaudenz wo yìnyín orí òkè láti ojú fèrèsé. Òtútù tó lè gé ọmọ ìka ni wọ́n ń pè ní ooru.

Ohun tó yé e kò ju ẹyọ kan lọ. Bí òòfà bá dìde, iṣẹ́ àṣekágbá Ladina ni ilé ẹ̀kọ́ máa rán lọ sí Bern, síbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ọdún tó kọjá ni ọmọ náà kò ti lá àlá mìíràn.

Bàbá rẹ̀ ló sì bá a sun pẹlẹbẹ náà nínú iléru. Táìlì ààrò tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ni Gaudenz ń ṣe, bíi bàbá rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ladina lọ lẹ́búlẹ́bú mẹ́ta pọ̀ nínú odó, ó fún un pọ̀ di pẹlẹbẹ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ eré orí yìnyín dé tí kíláàsì wọn gun òkè lọ, ó fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bí iná ṣe máa gbóná tó, iye àsìkò tó máa lò níbẹ̀, bó ṣe máa tutù díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni Gaudenz ṣe bí ó ṣe wí. Kò yẹ ẹyọ kan.

Ọ̀gbẹ́ni Zindel, olùkọ́ rẹ̀, ní kó tún da náítírójìn olómi tó ń mú un tutù sí i. Ó dà á. Ìkùukùu tún gorí tábìlì. Òòfà kò mira.

Obìnrin tó wá láti Zürich láti yẹ iṣẹ́ náà wò gbé ojú sókè. “Kí lo rò pé ó fà á?”

“Pẹlẹbẹ náà kò rí afẹ́fẹ́ mí,” Ladina dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Nígbà tó bá ń tutù nínú iléru, ó gbọ́dọ̀ máa fa ọ́síjìn sára. Bí kò bá rí i, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú bákan náà, ṣùgbọ́n òkú ni.”

“Kí ló dé tí kò fi rí afẹ́fẹ́?”

“Mi ò sọ fún ẹni tó bá mi sun ún. Àṣìṣe mi ni.”

Kò wo ìlà kejì.

Gaudenz wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìkòkò onídèérí ló gbé pẹlẹbẹ náà sí, tó fi amọ̀ tútù dí etí rẹ̀ yíká. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe táìlì tó bá fẹ́ràn jù nìyẹn, kí ohunkóhun nínú iléru má baà ta sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ní í ròyìn pé òun ti ilẹ̀kùn nígbà òtútù? Àṣejù ni baba àṣetẹ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ìtọ́jú ti parí, tí àṣejù ti bẹ̀rẹ̀?

Iṣẹ́ náà yege. Àmọ́ ọmọkùnrin kan tó kọ̀wé lórí oyin ni wọ́n mú fún Bern.

“Oyin?” ni Barbla wí lójú àtẹ̀gùn. “Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń sin oyin. Ta ló mú mi lọ sí Bern rí?”

Ladina rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, Gaudenz dúró, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Ladina pé ìgbà wo ló ti mọ̀.

“Láti ọjọ́ Ajé, Bàbá. Mo rí amọ̀ tó gbẹ létí ìkòkò yẹn.”

“Ṣé kò ṣe é tún ṣe ni?”

“Ó ṣe é ṣe. Kó kàn tún wọ iléru lóru kan, láìsí ìdérí.”

Iléru. Táìlì ààrò àwọn arúgbó méjì ní abúlé Andeer ló kún inú rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ààrò wọn ti fọ́, yìnyín sì ti bo ẹnu ọ̀nà wọn.

“O ì bá ti sọ fún mi.”

“Tí mo bá sọ, ẹ máa paná ni, ẹ máa kó gbogbo ẹ̀ jáde. Gbogbo táìlì yẹn á sì sán.” Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún ìyá àgbà. “Mo mọ̀ yín.”

Gaudenz jókòó sídìí ọkọ̀. Ó wa ọkọ̀ jáde.

Títí wọ́n fi kọjá ìlú Thusis ló ń gbé e yẹ̀ wò. Ó ro àwọn arúgbó Andeer tí wọ́n ń wọ kóòtù sùn. Ó ro ojú ọmọ rẹ̀ nídìí tábìlì yẹn. Ká ní ó sọ fún òun lọ́jọ́ Ajé, ṣé lóòótọ́ lòun ì bá paná? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní rárá.

Ó wo dígí láti béèrè ohun tó mú un dá ọmọ náà lójú tó bẹ́ẹ̀. Ladina ti sùn lọ, orí rẹ̀ wà léjìká Barbla.

Ọmọ náà kò mọ̀ bóyá òun á yege, kò mọ ohun tí wọ́n máa bi òun. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé bàbá òun á paná nítorí òun. Gaudenz dín eré kù, kó má baà jí i.