Ẹnu Morákinyọ̀

Ẹ fara balẹ̀, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Ìdí tábìlì iṣẹ́ ni oorun ti gbé mi lọ.

Ẹ mọ̀ pé fíìmù àwòrán ni mò ń ṣe lórí ẹjọ́ àbúrò mi, Morákinyọ̀, tí wọ́n mú níbi ìwọ́de, tó sì kú sẹ́wọ̀n. Wọn ò gba kámẹ́rà láàyè ní kóòtù, ìdí nìyí tí mo fi ń fọwọ́ yà á. Nínú iṣẹ́ wa, ẹnu la máa ń yà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá gbọ́ ohùn. Ohùn Morákinyọ̀ ò sí níbì kankan. Ojú wà, imú wà, ibi ẹnu ṣófo. Ó ń dùn mí gan-an.

Lójú àlá, kóòtù gbéra nílẹ̀, ó ń léfòó lókè òrùlé wa. Mo gbé àkàbà, mo gùn ún wọlé, mo kí gbogbo wọn. Morákinyọ̀ dúró síwájú adájọ́ láìlẹ́nu.

Adájọ́ bi í pé, "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

Ọmọ ò fọhùn.

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó jẹ̀bi!"

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ìwo yọ lórí adájọ́, ó di òbúkọ, ó ń jẹ fáìlì ẹjọ́. Akọ̀wé kóòtù ń bá a wọ́n iyọ̀ sí i. N ò bínú. Ta ni kì í jẹun ọ̀sán?

Mo ní, "Olúwa mi, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni n ò ya ẹnu sí i."

"Yà á, ká gbọ́!"

Mo mú pẹ́ńsùlù. Pẹ́ńsùlù kọ̀, ó lóun ò ní í jẹ́rìí èké, òun ò gbọ́ ohun tọ́mọ náà sọ. Bẹ́ǹṣì kan wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn pé, "Ẹ bi ẹni tó jókòó lé mi lọ́jọ́ náà."

Òbúkọ ké. Mo jí.

Òbúkọ onílé wa ló ki orí bọ fèrèsé, tó ń jẹ bébà tí mo ya adájọ́ sí. Màámi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Nílé wa, a kì í dárúkọ ọmọ tó kú létí ìyá tó bí i. Àwọn nìkan nílé wa ló wà ní kóòtù lọ́jọ́ ẹjọ́ náà, àmọ́ fún ọdún mẹ́fà, n ò bi wọ́n rí.

"Màámi, kí ni Morákinyọ̀ sọ ní kóòtù?"

Ọwọ́ wọn dúró.

"Ó yíjú sí mi, ó ní, 'Màámi, ṣé ẹ ti jẹun?' Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni mo pa fún un."

Mo padà sídìí tábìlì, mo ya ẹnu náà.