Àmúwá Ọlọ́run

Ẹ̀rọ tó ń tẹ abọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Muṣin ló gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún Sàlíhù, bí ẹni gé ilá. Irin kan wà tó yẹ kó máa bo ẹnu ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n yọ ọ́, ó ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbẹ̀.

Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ nu omijé nù nígbà tó gbọ́ pé inṣọ́ránsì wà fún ẹni tí iṣẹ́ bá ṣe léṣe. Ó ti pinnu pé ẹ̀rọ ìránṣọ lòun máa fi owó náà rà. Ta ló tún fẹ́ gba ọkọ òun síṣẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò nìkan?

Theophilus, akọ̀wé ilé-iṣẹ́, ló mú ọkùnrin inṣọ́ránsì wá bá wọn ní ọsibítù Ìdí-Àràbà, ó gbé ọsàn dání. Àlejò náà kò gbọ́ Yorùbá, Theophilus ló ń túmọ̀.

"Sàlíhù, pẹ̀lẹ́ o. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

Kí ni mùsùlùmí gidi máa wí níwájú àlejò?

"Ẹ̀gbọ́n, àmúwá Ọlọ́run ni. A dúpẹ́ pé kò la ẹ̀mí lọ."

Theophilus yíjú sí àlejò. "Act of God," ló wí.

Àlejò dìde. Theophilus ní inṣọ́ránsì kì í sanwó ohun tí Ọlọ́run bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Họ̀wù! Làbákẹ́ kọjú sí Theophilus. Ọmọ Yorùbá bíi tiwọn! Ṣé kò mọ̀ pé béèyàn ṣubú, àmúwá Ọlọ́run là ń wí ni? Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló yá ẹnu Sàlíhù lò.

"Bàbá Àràmídé, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n yọ irin!"

"Kí n wá ní kì í ṣe Ọlọ́run? Astagfurullahi!"

Làbákẹ́ fúnra rẹ̀ wá pariwo ọ̀rọ̀ irin náà, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Theophilus ò túmọ̀ ìyẹn.

Nígbà tí Sàlíhù délé, Theophilus tún kó ọsàn wá, àìnítìjú.

"Ìyá Àràmídé, inú yín á dùn. Irin yẹn ti padà sẹ́nu ẹ̀rọ."

"Ta ló dá a padà?"

"Ọ̀gá wa ni!" Ó ń yangàn. "Àwọn fúnra wọn ló pàṣẹ."

Làbákẹ́ wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó tutọ́ sílẹ̀.

"Ọlọ́run ló yọ ọ́, ọ̀gá yín ló dá a padà. Ẹ gbé ọsàn yín, ẹ máa lọ."