Àgbà Ń Sọ̀rọ̀

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa."

Tíṣà Blessing gbé ìwé èsì náà sókè. "Màmá, mo ní Ummu-Salamah kì í wo èèyàn lójú. Tí mo bá bi í ní nǹkan, ilẹ̀ ló máa ń wò. Kì í bá ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣeré, kì í béèrè ohunkóhun. Ó jọ pé ọpọlọ ẹ̀ ò pé. A ò lè gbé e lọ sí kíláàsì tó kàn."

Àsíátù, ìyá àgbà ọmọ náà, fi ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ lọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kó tó wá sí jẹ́lé-ó-sinmi yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ní Fìdítì tí gbogbo ilé mọ ara wọn, kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, wọn á ti máa pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní dìndìnrìn, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a sì máa bá ọmọ dé ilé ọkọ. Inú bí i débi pé "ẹ" tó ti ń pe tíṣà láti àárọ̀ di "ìwọ".

"Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? Ìyá Ummu ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Èmi ni mo kọ́ Ummu pé ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà, àbíìkọ́ ni. Ẹ̀kọ́ ilé lo wá sọ di àrùn?"

"Màmá, ẹ má bínú."

"Màá bínú! Kí ló dé tí mi ò ní bínú?"

Ummu-Salamah dúró láàárín wọn, ó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀. Ó fa ìró ìyá àgbà rẹ̀. Ó tún un fà. Àsíátù gbá a lọ́wọ́ láìwo ibi tó wà.

"Dúró jẹ́ẹ́! O ò rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ó yíjú padà sí tíṣà, ó ní kó pa ìsọkúsọ náà rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gba ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ lọ.  Ilẹ̀ ni tíṣà ń wò. Àsíátù náà wolẹ̀. Ìtọ̀ ti kún bàtà ọmọ náà, ó ń ṣàn lọ sídìí tábìlì.

"Háà, Ummu! Kí ló dé tó ò sọ?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀.

"Màmá, ohun tí mo ń sọ gan-an nì..."

"Ẹ dákẹ́ ná." Àsíátù lóṣòó síwájú ọmọ náà. "Sọ̀rọ̀. Mi ò ní nà ọ́."

Ummu-Salamah rọra gbé ojú sókè títí ó fi bá ti ìyá àgbà pàdé. "Mo fa ìró yín. Ẹ gbá mi lọ́wọ́."

Èébú ti dé ẹnu Àsíátù. Ọmọ wo ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí àgbà lọ́rùn lójú ará ìta? Ó gbé e mì.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Mo gbá ọ lọ́wọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó dìde, ó mú ìwé èsì náà lórí tábìlì, ó nà án sí tíṣà.

"Ẹ mú bírò, ẹ tún un kọ. Ẹni tó jẹ̀bi ti sọ̀rọ̀. Ó ku ẹ̀yin."